Ṣé iṣẹ́ gidi wà nínú bágípáìpù, fèrè alápò àwọn ará Scotland? Àwọn wo ni ọ̀gá nídìí ẹ̀?

Ìyá Mọ́yọ̀:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Glasgow la wà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló délé tó ní bágípáìpù lòun fẹ́ kọ́, pé wọ́n ń kọ́ àwọn kan níléèwé àwọn. Bàbá ẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé àwọn tó ń fọn ún ní Buchanan Street tí wọ́n tẹ́ fìlà sílẹ̀ fún owó lòun ń rí. Èmi ṣáà rántí ọkùnrin tó fọn ún níbi ìsìnkú Queen Elizabeth lọ́dún 2022, tó ń fọn ún tó ń rìn lọ títí ohùn ẹ̀ fi jìnnà, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, kí ni wọ́n fi ń jẹun, báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?

Bàbá Ìbejì Edinburgh:
Ìyá Mọ́yọ̀, ẹ kú ọmọ. Pipe Major Paul Burns lẹ rí yẹn, sójà ni, òun ni Queen's Piper, afọnfèrè Queen, nígbà yẹn. Àtọdún 1843 niṣẹ́ yẹn ti wà, nígbà tí Queen Victoria gba Angus MacKay síṣẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n máa ń fọn ún lábẹ́ fèrèsé ọba. Angus yìí, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ, òun náà ló kó àwọn orin àtijọ́ sínú ìwé ní 1838. Àmọ́ ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ò dáa, orí ẹ̀ dàrú, ó sá kúrò nílé ìwòsàn tí wọ́n fi í sí ní Dumfries, ó sì kú sínú odò Nith ní 1859.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé nídìí fèrè yìí, ẹni tó kọ́ ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́. Bíi tàwọn Àyàn wa ló rí. Ìdílé MacCrimmon ní erékùṣù Skye, bàbá sí ọmọ ni wọ́n ń fọn ún fún ìjòyè MacLeod ní Dunvegan, àwọn míì sì máa ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Boreraig. Kò sí ìwé o, ẹnu ni olùkọ́ fi ń kọ ọ́, "hiharin, hiodin", ọmọ á gbà á lẹ́nu ẹ̀ kó tó gbé e sórí fèrè. Títí dòní wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn orin ńlá. John MacDonald ará Inverness kọ́ Robert Brown àti Robert Nicol, àwọn méjèèjì yìí sì rèé, òṣìṣẹ́ oko ọba ní Balmoral ni wọ́n, ẹja pípa àti ọdẹ ni wọ́n ń bójú tó, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá kọ́ fèrè lọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Bàbá Ìbejì ti sọ ọ́ dáadáa àmọ́ ìyá bèèrè owó. Mo ń lu ìlù nínú pipe band kan níbí, ẹgbẹ́ onífèrè àtonílù, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá yẹn niṣẹ́ míì lọ́wọ́. Seumas MacNeill tó dá College of Piping, iléèwé fèrè, sílẹ̀ ní Glasgow pẹ̀lú Thomas Pearston ní 1944, olùkọ́ físíìsì ni ní yunifásítì Glasgow. Gordon Duncan, ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí ló ń bá ṣiṣẹ́, òun náà ló gbé orin AC/DC, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, sórí bágípáìpù táwọn ọ̀dọ́ fi ya wèrè. Donald MacLeod ará Stornoway, sójà ni, àwọn Jámánì mú un ní St Valéry nílẹ̀ Faransé ní 1940, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì fọn fèrè sọdá odò Rhine ní 1945, nígbà tó fiṣẹ́ sójà sílẹ̀ ó wọ iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe fèrè ní Glasgow. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sí i, ó ń kọ orin lẹ́nu sínú téèpù fún wọn, wọ́n ṣì ń fi kọ́ṣẹ́ dòní.

John Burgess ńkọ́? Ọmọ ọdún 16 péré tó fi gba Gold Medal, ẹ̀bùn ńlá fún ẹni tó ń dá fọn fèrè, ní ìdíje Oban àti ti Inverness lọ́dún kan náà, 1950! Willie Ross tó ń kọ́ àwọn sójà ní Edinburgh Castle ló kọ́ ọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ iléèwé lòun náà ń kọ́ ní Easter Ross.

Lọ́wọ́ tá a wà yìí ṣá, Stuart Liddell ni màá ní kẹ́ ẹ wò. Àwọn ọmọdé ló kó jọ ní ìlú kékeré Inveraray tó ń kọ́ wọn, wọ́n ń gun ìpele kan sí òmíì títí wọ́n fi gba ife àgbáyé ìpele kìíní ní Glasgow Green ní 2017. Ẹni tó gba medal pọ̀, àmọ́ ẹni tó lè ṣe èyí ṣọ̀wọ́n.

Bàbá Ìbejì Edinburgh:
Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà pẹ̀lú ẹ, àbúrò, àfi ti AC/DC yẹn. Ariwo ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un gbọ́ 😂 ìka Gordon yẹn kì í ṣe ti ọmọ èèyàn.

Ṣọlá Nọ́ọ̀sì:
Ṣé ẹ ò rí i pé ọmọbìnrin lẹni tó fẹ́ kọ́ ọ ni? Ọkùnrin nìkan lẹ ń kà. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin bá wọn díje fún Gold Medal rárá, Rona Lightfoot ará South Uist mọ̀ ọ́n fọn ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, wọ́n ní obìnrin ni. Ìgbà tó di 2010, Faye Henderson, ọmọ ọdún 18, gba a ní Oban, obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn, ìyá ẹ̀ náà sì ń fọn fèrè. Ẹ sọ fún bàbá Mọ́yọ̀ pé wọ́n ń gba digirí lórí ẹ̀ ní Royal Conservatoire, iléèwé gíga orin, níbẹ̀ ní Glasgow. Láti 2021 wọn ò gbowó ẹ̀kọ́ ohun èlò orin mọ́ níléèwé ìjọba ní Scotland, kí ló wá kù?

Ìyá Mọ́yọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka ti obìnrin yẹn sétí ẹ̀, ó ní òun á rò ó. Ariwo ló wá ń sọ báyìí, pé fúláàtì là ń gbé. Ṣé ká ra fèrè náà ni àbí iléèwé á fún un?

Bàbá Ìbejì Edinburgh:
Ẹ má tíì rà á o. Ó lè tó ọdún kan kó tó kan fèrè alápò, practice chanter ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un, kò lápò, kì í pariwo, onírọ́bà sì dáa fún ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní èyí tí wọ́n ń tà fáwọn tó wá ṣàbẹ̀wò ní òpópónà Royal Mile ní Edinburgh, ara ògiri ni wọ́n ń gbé ìyẹn kọ́. Ti gidi, igi dúdú tó ń ti Tanzania àti Mozambique wá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, owó ẹ̀ sì máa ń wọ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Tásìkò bá tó, kí olùkọ́ ẹ̀ bá yín yàn án.