Ohun tí ojú mi rí lórí orúkọ fáìlì inú /tmp

Mo kọ script kan tí ó máa ń kó àkọsílẹ̀ jọ, tí ó máa ń tò wọ́n, tí ó sì máa ń fi àbájáde pamọ́ sínú /tmp (àpò fáìlì ìgbà díẹ̀) kí ó tó fi ránṣẹ́. Orúkọ tí mo fún fáìlì náà ni /tmp/iroyin.$$, nítorí pé shell (ètò tí ń ka àṣẹ inú script) máa ń fi nọ́ńbà ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sí ipò $$, mo sì gbà pé ètò méjì kò lè jẹ́ nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni, níbi tí a bá ti ń ka nọ́ńbà gbogbo ètò papọ̀. Nígbà tí a gbé iṣẹ́ náà sínú container mẹ́rin (àyè àdádó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka nọ́ńbà ètò tirẹ̀ láti 1) tí a so /tmp kan náà mọ́, script di nọ́ńbà 1 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń kọ ọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí nínú /tmp/iroyin.1. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá àṣìṣe nínú ìṣirò mi, bẹ́ẹ̀ ìṣirò kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mktemp, àṣẹ tí ń dá fáìlì sílẹ̀ ní orúkọ tí kò tíì sí, ni mo ń lò báyìí.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ tí tmpnam (iṣẹ́ C tí ń mú orúkọ tí kò tíì sí wá láìdá fáìlì) fún èmi nínú ètò C kan kò bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba, síbẹ̀ ó kó bá mi. Linker (ètò tí ń so àwọn apá ètò pọ̀) ń kìlọ̀ pé mkstemp, tí ń mú orúkọ wá tí ó sì ń dá fáìlì náà, ni kí n lò, mo kọ etí ikún sí i. Lọ́jọ́ tí alábàáṣiṣẹ́ mi kan jókòó sídìí ẹ̀rọ mi láti yẹ iṣẹ́ náà wò, ó fi gdb (irinṣẹ́ ìwá-àṣìṣe) dá ètò dúró lẹ́yìn tí tmpnam ti mú orúkọ wá tí fopen kò sì tíì ṣí i, ó dá symlink (orúkọ tí ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn) sílẹ̀ ní orúkọ yẹn gan-an, ó tọ́ka rẹ̀ sí fáìlì ìṣètò mi, ó sì ní kí ètò máa lọ. Ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni ó nu fáìlì ìṣètò mi nù. Mkstemp ń lo O_CREAT pẹ̀lú O_EXCL (àmì méjì tí ń sọ pé kí a dá fáìlì tuntun, kí a má ṣí èyí tí ó ti wà), kernel, ọkàn ètò ẹ̀rọ, sì ń yẹ orúkọ wò, ó ń dá fáìlì náà, nínú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Bí orúkọ bá ti wà, ìbáà ṣe symlink, yóò kọ̀, mkstemp yóò sì gbé òmíràn wá. (Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ètò náà kú lójú ẹsẹ̀: char *t, tí ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí a kò lè yí padà, ni mo kọ níbi tí ó yẹ kí n kọ char t[], tí a lè kọ nǹkan sí, bẹ́ẹ̀ inú àwòṣe orúkọ tí mo fún un yẹn ni mkstemp ń kọ orúkọ tuntun sí.)

Ìdáhùn kejì

Èmi kì í jẹ́ kí orúkọ pẹ́ lára fáìlì mi. Bí mkstemp bá ti dá a tán, mo máa ń lo unlink. Orúkọ a lọ, fáìlì a sì wà títí ètò yóò fi tì í. Ṣùgbọ́n ètò mi kan tí kì í sinmi fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kún dísìkì lóru ọjọ́ kan: df, tí ń wo àyè dísìkì, ní àyè ti tán; du, tí ń ka àwọn fáìlì tí ó lórúkọ, kò rí ohunkóhun. Lsof +L1, tí ń to àwọn fáìlì tí a ṣí sílẹ̀ tí wọn kò lórúkọ mọ́, ni ó tú àṣírí rẹ̀.