Mo fẹ́ fi iná sínú àjà pálọ̀ ilé bàbá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé bàbá mi ní Òkè-Àdó ni mò ń gbé, 1974 ni wọ́n kọ́ ọ. Iná gígùn kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀, ó máa ń kùn, ó sì máa ń ṣẹ́jú títí kó tó tàn. Mo bá ra iná pẹrẹsẹ mẹ́fà ní Dùgbẹ̀, oní-wáàtì 12, irú èyí tó máa ń wọnú àjà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan là ń rí.

Lánàá ni oníná wá. Ó gun àkàbà, ó fi ayùn kékeré gé ihò àkọ́kọ́. Àjà wa kì í ṣe POP. Páálí líle aláwọ̀ eérú ni, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo oríkèé rẹ̀. Eruku bo àga, ó bo orí àwọn ìbejì tó ń wòran nísàlẹ̀. Ihò náà tún tóbi ju iná lọ, bó ṣe tì í sókè ló já bọ́. Ó ní òun á fi POP dí etí rẹ̀, kí òun sì gé márùn-ún yòókù. Mo ní kó dúró ná. Ṣé kí n jẹ́ kó máa bá a lọ?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ìyá wa, fífẹ̀ ojú iná ló fi gé e. Ara páálí iná ni wọ́n ń kọ bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sí, ó sì máa ń kéré ju ojú iná lọ, kí etí rẹ̀ lè bo ihò. Ẹ ra ẹyọ kan tó tóbi jù ú lọ sójú ibẹ̀.

Bọ̀dá Oníná, Òṣogbo:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ihò kejì. Ọ̀rọ̀ iná kọ́ ló kàn báyìí. Ilé 1974, àjà líle aláwọ̀ eérú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ lóríkèé: ó jọ asbestos, páálí tí wọ́n fi okùn tín-ín-tín tí wọ́n ń wà nínú òkúta ṣe. Òun ló wà lójà nígbà náà, mo sì ti bá a pàdé nínú ilé àtijọ́ tí kò níye. Bí kò bá fọ́, tí kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí a bá gé e, tí a gbẹ́ ẹ, tí a fọ́ ọ, ni okùn tín-ín-tín inú rẹ̀ máa ń dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ojú kì í rí i, ó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, àìsàn náà sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú.

Ẹ má fòyà nítorí ihò kan. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò ní pálọ̀, ẹ fọ irun wọn, ẹ pa fáànù. Ẹ má gbálẹ̀ rárá, ìgbálẹ̀ á tún gbé eruku náà dìde ni. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ di aṣọ náà sínú ọ̀rá méjì. Ẹ fi ọ̀rá àti tẹ́ẹ̀pù bo ihò náà pinpin.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Òótọ́ ni Bọ̀dá Oníná sọ. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe ní London. Wọ́n ti fòfin de asbestos pátápátá níbí láti 1999, síbẹ̀ a kì í lu àjà ilé tó ti wà ṣáájú 2000 láì jẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbòmú lásán kò tó fún un.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ọlọ́run mi! Mo ti gbálẹ̀ lánàá o. Mo ti wọ́n omi báyìí, mo ti nu gbogbo àga, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ṣé kí n ra iná tí wọ́n ń dè mọ́ ojú àjà nígbà náà?

Bọ̀dá Oníná, Òṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà á gba kí wọ́n lu àjà kí ìdè lè wọlé. Ọ̀nà méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́, iná ara ògiri. Ìkejì, kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri lọ́tùn-ún àti lósì, kó tẹ́ àjà PVC sísàlẹ̀ ti àtijọ́ láì fọwọ́ kan án, kó fi ààyè íǹṣì mẹ́rin ó kéré tán sílẹ̀ láàárín fún iná àti driver rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń yí iná ilé padà sí èyí tí iná náà lè lò. Inú PVC yẹn ni iná mẹ́fà yín á wọ̀. Wáyà 1.5 mm² ni kí ẹ rà, kí ó ní àmì SON, àjọ tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò ní Nàìjíríà. Kí wọ́n má ṣe lọ́ wáyà pọ̀ lásán lókè àjà, nítorí eku. Kí wọ́n fi connector, ohun tí a fi ń so wáyà pọ̀, sí i nínú àpótí.

Bàbá Ṣọlá:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Mo pa bírékà NẸ́PÀ, jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa, mo gun àkàbà, iná sì gbé mi. Ínfátà ló ń bọ́ iná ilé, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ mi kú fún bíi wákàtí kan. Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fi tésítà kan wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìyàwó Tíṣà, Abẹ́òkúta:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Irú iná yìí wà ní yàrá mi. Bí mo bá pa á lóru, ó ṣì máa ń tàn fírífírí bíi tanátaná.

Bọ̀dá Oníná, Òṣogbo:
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ niútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, ni súìṣì yín ń gé, tí láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, sì ń lọ tààrà sínú iná. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iná ṣì wà nínú rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ pa á, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí súìṣì náà bá ní iná pupa kékeré lójú, òun náà lè fà á. Ẹ pe oníná kó ṣí súìṣì wò.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Mo ti sanwó fún oníná náà, mo sì ṣàlàyé fún un. Òun náà kò mọ̀, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń gé e. Ojú rẹ̀ rọ. Iná ara ògiri méjì ni màá fi sí i ní Sátidé, ọlọ́jà sì ti gbà pé kí n dá mẹ́rin padà nínú mẹ́fà. Bí àjọ bá kàn mí lóṣù tó ń bọ̀, màá pe káfíńtà. Bọ̀dá Oníná, ṣé ẹ lè wá láti Òṣogbo nígbà náà?

Bọ̀dá Oníná, Òṣogbo:
Ẹ sọ ọjọ́, màá wá.