Ìmọ̀ràn: irú ihò wo ni ká dá sí pàrápẹ́ẹ̀tì (ògiri kúkúrú tó yí orí ilé ká) kí omi òjò lè jáde?

ỌmọKàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará. Ilé màmá mi ní Kàbà ni. Dẹ́ẹ̀kì kọnkéré ló wà lórí ẹ̀, pàrápẹ́ẹ̀tì yí i ká, ihò kan ṣoṣo lomi ń gbà jáde. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́, omi á ṣì wà lókè títí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àjà pálọ̀ ti dúdú. Bíríkìlà ní ká fi páìpù íńṣì 2 kan kún un. Ṣé ó tó?

Bíríkìlà_Ìyàrà: Kò tó o. Ewé máńgòrò méjì ti dí íńṣì 2 pa. Íńṣì 4 ni kẹ́ ẹ rà, ó kéré tán méjì, níbi tí dẹ́ẹ̀kì ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ wo ibi tó ń ṣàn lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣíṣẹ́lì. Kí ẹnu páìpù yọ kọjá ògiri dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á máa fà lára ọ̀dà.

Atukọ̀_Mọ́pà: Scupper là ń pè é lórí ọkọ̀ òkun tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Etí dẹ́ẹ̀kì ló máa ń wà, ibẹ̀ lomi ń gbà padà sókun. Níbi tí ògiri bá yí dẹ́ẹ̀kì ká, scupper nìkan ò ràn án: ojú ńlá là ń dá sí ìsàlẹ̀ ògiri, torí ìgbì kan lè da omi tó máa dojú ọkọ̀ dé. Àdéhùn Load Lines ọdún 1966, ti àgbáyé lórí bí ọkọ̀ òkun ṣe lè rù tó, ló sọ bí ojú yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ìgbà tá a bá ń gba epo la máa ń dí scupper, kí epo má bàa dà sókun. Ẹ wo ti màmá yín: omi tó jin sẹ̀ǹtímítà 10, lórí mítà kan níbùú lóròó, kílò 100 ni. Ẹ ṣírò gbogbo dẹ́ẹ̀kì.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀gbẹ́: Yéè! Kí Màmá má sùn ní pálọ̀ mọ́ o.

Bíríkìlà_Ìyàrà: Ẹ ṣeun, ọ̀gá atukọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dá ihò kẹta, tó fi bí íńṣì 2 ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí Màmá bá rí omi tó ń dà níwájú òun, ti ìsàlẹ̀ ti dí nìyẹn, kí ẹnì kan gòkè.

ỌmọÌsánlú: Nẹ́ẹ̀tì ojú wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi sí i. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò àkọ́rọ̀ á sọ ọ́ di amọ̀.

ỌmọKàbà: Ẹ ṣé gan-an. Bíríkìlà wa ní íńṣì 4 máa ba ẹwà ilé jẹ́ o.

Bíríkìlà_Ìyàrà: Ẹ mú un wọ pálọ̀, kó gbójú sókè wo àjà.