Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mọ́dábọ́ọ̀dù B650 tàbí X670E?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Adó-Èkìtì ni mo wà. Mo ti ra Ryzen 7 7800X3D (CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti RAM DDR5 32GB fún géèmù. Mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 (AM5 ni irú ojúhò tí CPU yìí ń wọ̀) tó máa gbé wọn ló kù. Ẹni tó ń tà á ní X670E ni kí n rà, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti B650 lọ dáadáa. Káàdì àwòrán kan péré ni màá lò, pẹ̀lú SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) méjì. Ṣé B650 ò ní tó ni?

Iná mànàmáná ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iná tó dé lójijì ló ba bọ́ọ̀dù mi àtijọ́ jẹ́: kapásítọ̀ méjì wú, òórùn jíjó gba gbogbo yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo B650, èwo ló lágbára tó?