Àbàwọ́n tí kì í yún ní apá ọmọ: ṣé ẹ̀tẹ̀ ni?

Ìyá Bọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àbàwọ́n kan ní apá, àwọ̀ ibẹ̀ ṣá ju ti ara tó kù lọ. Kò yún un, kò dùn ún. Òògùn làpálàpá ò ràn án. Ẹnì kan ní ká gbé irin gbígbóná lé e. Kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Irin gbígbóná kẹ̀! Bí ibẹ̀ bá ti kú, ọmọ ò ní mọ̀ pé iná ń jó òun, egbò náà á sì bo ohun tí dókítà fẹ́ wò. Làpálàpá máa ń yún, etí rẹ̀ á ga. Ti ẹ̀tẹ̀ máa ń gbẹ, kì í làágùn, irun ibẹ̀ lè re.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ti kú, ẹ yí òwú kí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tí ara rẹ̀ yè, kó mọ bó ṣe ń rí. Kó wá dijú, kó máa fi ìka tọ́ka síbi tẹ́ ẹ bá kàn. Ẹ kàn án fẹ́rẹ́, ẹ má fà á. Ẹ má sì máa bi í pé “ṣé o mọ̀ ọ́n?”, torí ọmọ á kàn máa ní bẹ́ẹ̀ ni. (Àbàwọ́n ojú le díẹ̀: ó lè ṣì mọ ìfọwọ́kàn, kó sì jẹ́ ẹ̀tẹ̀.)

Alábòójútó Ẹ̀tẹ̀: Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní Nàìjíríà, ètò kan náà ló ń bójú tó méjèèjì, alábòójútó sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ wo iṣan ẹ̀yìn ìgúnpá, bóyá ó ti ki, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìka tó kéré jù ti ń rọ. Bí wọ́n bá ha awọ wò tí wọn ò rí kòkòrò, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀: tí àbàwọ́n ò bá ju márùn-ún lọ, kòkòrò kì í sábà hàn. Ẹni bẹ́ẹ̀ á lo òògùn fún oṣù 6. Tí àbàwọ́n bá ju márùn-ún lọ, oṣù 12. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ká ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀?

Alábòójútó Ẹ̀tẹ̀: Rárá o, abọ́ kì í ranni. Àmọ́ kí gbogbo ará ilé wá fún àyẹ̀wò. Ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n lọ́jọ́ tó bá lo rifampicin, ọ̀kan lára òògùn ẹ̀tẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí àbàwọ́n bá ṣàdédé wú tó pọ́n, tàbí ọwọ́ rọ, ẹ padà wá lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì dá òògùn dúró.