Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: gíábọ́ọ̀sì onírin tuntun fún ọkọ̀ ogun rìmóòtù

Awakọ̀16
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ìmọ̀ràn ni mo wá bẹ̀. Mo ní àwòṣe ọkọ̀ ogun Tiger I oníwọ̀n 1/16 (ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ọkọ̀ gidi) tí wọ́n ń fi rìmóòtù wà. Eyín gíábọ́ọ̀sì (àpótí gíà) oníke tó bá a wá ti jẹ tán, mo wá ra onírin méjì, tọ̀tún tòsì, láti fi rọ́pò rẹ̀. Mo fọwọ́ yí wọn wò: ọ̀kan ń lọ geerege, èkejì máa ń há lójú kan kó tó tún lọ. Gíríìsì funfun díẹ̀ wà lára wọn láti ilé iṣẹ́. Ṣé kí n kàn dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ ni, àbí nǹkan wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe? Gíríìsì wo lẹ ń lò, ọ́ìlì wo, níbo sì ni èwo ń lọ? Motor 380 ni, bátìrì 7.2 fóòtì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dè é. Eyín irin tuntun ṣì mú níbi tí wọ́n ti gé e, ó ní ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tójú lè má rí. Bí eyín bá ti ń gba ara wọn, àwọn ṣóńṣó yẹn á máa kán, wọ́n á di ẹ̀rún irin. Ẹ̀rún ọ̀hún á wọnú gíríìsì, gíríìsì tó yẹ kó dáàbò bo eyín á wá máa họ ọ́ bíi sáńpépà.

Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí nìyí: kó kọ́kọ́ yí láìrùẹrù pẹ̀lú ọ́ìlì fẹ́lẹ́, kí eyín mọ eyín, ká fọ ẹ̀rún kúrò, ká ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi gíríìsì sí i. Ẹni tó bá ń rọ́ gíríìsì lé gíríìsì lára gíábọ́ọ̀sì tuntun, ẹ̀rún ló ń dé mọ́nú.

Kẹ́ ẹ tó fi iná sí i rárá, ẹ tú motor kúrò, kẹ́ ẹ fìka yí gíà àkọ́kọ́. Tó bá ṣì há, inú gíábọ́ọ̀sì ni ẹjọ́ wà. Tó bá jẹ́ ìgbà tí motor padà síbẹ̀ ló tó há, gíà kékeré orí motor ló sún mọ́ èkejì jù. Ẹ gé bébà ìkọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi sáàárín eyín méjèèjì, ẹ ti motor mọ́ ọn, ẹ de síkírù, kẹ́ ẹ wá yí bébà náà jáde. Ó yẹ kí ojú eyín hàn lára bébà, kó má sì ya.

Títí Onírin
Ọ̀rọ̀ Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ni mo dúró lé. Ní ti yíyí orí tábìlì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì tẹ́ ẹ so tẹ̀léra, 1.5 fóòtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́nu ṣáàfù (ọ̀pá tí gíà wà lórí ẹ̀) kọ̀ọ̀kan àti díẹ̀ sójú eyín. Kó yí síwájú bí ìṣẹ́jú 10, kó sinmi kó tutù, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ wáyà kó yí sẹ́yìn bákan náà. Ẹ má fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ o. Ojú kan ṣoṣo lára eyín ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń lọ síwájú. Ojú kejì ò tíì mọ nǹkan kan àfi tẹ́ ẹ bá yí i padà. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa gbé e lọ sí fóòtì 6, kó tó wá kan bátìrì ọkọ̀ gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ní mítà tó ń ka áńpíà, ẹ jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Fóòtì kan náà, àmọ́ áńpíà á máa wálẹ̀ bí eyín ṣe ń dán. Ìgbà tí kò bá wálẹ̀ mọ́ ni mo máa ń gbà pé ó ti tó, mi ò kì í wo aago. Kí tọ̀tún àti tòsì ka iye tó súnmọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa fọwọ́ kan motor pẹ̀lú. Tí ìka ò bá lè dúró lórí ẹ̀ mọ́, ẹ pa á.

Ṣọlá 7.2
Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín sí eyín gíà kó lè tètè dán. Ṣé ó dáa? WD-40, ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n ń fín yẹn náà ńkọ́?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ṣọlá, mi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ọṣẹ. Ohun tó ń họ irin wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Á wọnú búùṣì (òrùka tí ṣáàfù ń yí nínú ẹ̀), á máa jẹ ṣáàfù, ihò á fẹ̀, gíà á wá máa mì. WD-40 dáa fún lílé omi àti títú síkírù tó ti dípẹtà. Kì í pẹ́ lójú eyín, ó sì máa ń fọ gíríìsì tó bá níbẹ̀ dànù.

Bàbá Béárìn
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ fífọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Karosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ti tó. Ẹ ti tú motor kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí ike ara ọkọ̀. Ẹ lo abọ́ funfun: tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó silẹ̀, ẹ máa rí ẹ̀rún dúdú tó ń dán yinrin nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì sábẹ́ abọ́, ẹ̀rún irin á máa tẹ̀ lé e kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ wo búùṣì yín dáadáa. Irú idẹ kan wà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun tẹ̀ pọ̀, tó ní ihò tíntìntín nínú, ọ́ìlì ló sì kún inú ihò wọ̀nyẹn. Tẹ́ ẹ bá rì í sínú karosíìnì, ọ́ìlì ẹ̀ á jáde, kò sì ní pẹ́ tó fi máa ké. Aṣọ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Béárìn tí wọ́n dé lójú méjèèjì náà ò gbọdọ̀ wọnú karosíìnì.

Títí Onírin
Ó wá ku gíríìsì. Gíà tó kọjú sí motor ló ń sáré jù, ẹrù rẹ̀ ló sì kéré jù. Gíríìsì kíki níbẹ̀ á fà á sẹ́yìn, á sì máa ta sínú motor, torí náà ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́ sí i. Gíà tó kẹ́yìn, tó wà lórí ṣáàfù tó ń yí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, kì í sáré, àmọ́ òun ló ń ru gbogbo ọkọ̀. Ibẹ̀ ni gíríìsì dúdú tó ní molybdenum disulfide ti wúlò jù. Gíríìsì lithium funfun lásán ti tó fún àwọn gíà àárín. Orí igi ìṣáná ni mo fi ń pa á, kó bo ojú eyín, kó má dí àlàfo. Gíríìsì oní-graphite ń gbé iná kọjá, ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ motor àti pátákó iná.

Awakọ̀16
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tú motor èyí tó há kúrò, ó ṣì há lójú kan náà.

Bàbá Béárìn
Ẹ fi bírò aláwọ̀ sàmì sí eyín tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá há. Tó bá jẹ́ pé àmì yẹn ló máa ń padà síbẹ̀, ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo eyín náà létí. Bí irin bá yọ ṣóńṣó níbẹ̀, fáìlì wẹ́rẹ́ á gé e. Tẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ dẹ àwọn síkírù tó so awẹ́ méjèèjì gíábọ́ọ̀sì pọ̀, kẹ́ ẹ wá máa dè wọ́n díẹ̀díẹ̀ ní ìdàkejì ara wọn bẹ́ ẹ ṣe ń yí gíà lọ. Awẹ́ tí kò jókòó déédéé máa ń fún ṣáàfù pa.

Awakọ̀16
Síkírù ni o! Mo dẹ̀ wọ́n, mo tún wọn dè bẹ́ ẹ ṣe wí, ó ti ń lọ bíi ti èkejì. Ìgbà wo wá ni kí n tún fi gíríìsì sí i?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ tú u wò lẹ́yìn bátìrì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá wà á tán, torí ẹ̀rún á ṣì jáde díẹ̀ nígbà tó bá ru ẹrù. Tí gíríìsì bá ti dúdú tó ń dán yinrin, ẹ nù ún, ẹ fi tuntun. Ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì yìí ṣí sílẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá wà á lórí iyanrìn, ẹ tún un wò lọ́jọ́ náà gan-an. Síkírù kékeré tó di gíà mú lórí ṣáàfù náà ń fẹ́ gọ́ọ̀mù síkírù aláwọ̀ búlúù, ẹyọ ẹ̀kán kan, kó má ṣàn dé ojú búùṣì.