Àìní-aborí kọ́, àìsí-aborí ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀dá fún bridge, eré káàdì ẹni mẹ́rin tí ẹni méjì ń bá ẹni méjì ta. Ẹ pe notrump ní "àìní-aborí", ẹ pe káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ jù ní "ìṣíwájú", ẹ wá fi gbólóhùn kan ṣe àpẹẹrẹ: "Nínú àìní-aborí, káàdì kẹrin ni ká fi ṣe ìṣíwájú." Gbólóhùn yẹn ni mo bá wá.

"Aborí" dára, mi ò jà sí i. Ìran káàdì (mẹ́rin ni wọ́n, ọkàn wà lára wọn) tó bá ń borí ìran yòókù, aborí ni. "Àìní" yìí ni kò lọ. Pé mi ò lówó lọ́wọ́ kò sọ pé owó ò sí nílùú. Bí wọ́n bá fi ọkàn ṣe aborí, tí n ò sì ní ẹyọ ọkàn kan, èmi ni mo wà nínú àìní aborí. Alátakò mi lè ní márùn-ún lọ́wọ́. Nínú notrump ńkọ́? Kò sí aborí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí àdéhùn, ìyẹn ìlérí tí ẹnìkan ṣe nípa iye ìgbà tí òun á kó káàdì àti bóyá aborí á wà, ti pa á rẹ́. Àìsí-aborí nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó tún lọ mú "àìlọ́ba" wá fún notrump, ọba mẹ́rin ló wà nínú káàdì 52, níbo ló fẹ́ kó wọn sí?

Ẹ má sọ pé mo ń fa gírámà gùn. Torí pé aborí ò sí ni ìran tó gùn, tí káàdì rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, fi níyì. Níbi tí aborí bá wà, ẹ lè to ìran yín kalẹ̀ tán kí ẹnìkan fi aborí kékeré gé e. Níbi tí kò sí, 2 tó kù sí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ìran náà ti tán lọ́wọ́ àwọn yòókù, bí éèsì ló rí. Ẹni tó gba àdéhùn 3 nínú àìsí-aborí gbọ́dọ̀ kó káàdì nígbà 9 nínú 13, torí 6 là ń fi kún iye àdéhùn. Ìgbà 5 ló tó wa láti gbé e ṣubú, àwa la sì ń kọ́kọ́ jù. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ìran tó gùn jù lọ́wọ́ wa la sábà máa ń mú, àfi tí ẹnìkejì wa, ẹni tá a jọ wà níhà kan, bá ti dárúkọ ìran tirẹ̀.

Ẹ tún kọ "káàdì kẹrin". Kẹrin láti ibo? Ká ní mo ní ọba, jáàkì, 8, 7 àti 3. Kẹrin láti òkè, 7 ni. Kẹrin láti ìsàlẹ̀, jáàkì. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yín, tó sì ju jáàkì, ẹjọ́ ta ni? 7 yẹn sì ń sọ̀rọ̀. Nínú ìṣirò tó bá káàdì kẹrin láti òkè lọ, ẹnìkejì mi á yọ 7 kúrò nínú 11, á rí 4: káàdì 4 péré ló ju 7 lọ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Bó bá ní éèsì àti 10, tó sì rí ayaba àti 9 lára ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ (ti ẹnìkejì ẹni tó gba àdéhùn), ó ti mọ̀ pé ẹni tó gba àdéhùn ò ní ohun tó lè fi bo 7 mi. Ọ̀rọ̀ tó bá pàdánù "láti òkè" ti pàdánù gbogbo ìṣirò yìí. (Bí ọba, ayaba àti jáàkì bá tò tẹ̀léra, ọba là ń jù, kò sí ti kẹrin níbẹ̀ rárá. Ẹ ò mẹ́nu kàn án.)

Ó wá ku "ìṣíwájú". Bí mo bá gbọ́ "aṣíwájú" nídìí káàdì, ẹni tó gba àdéhùn ló ń wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe alátakò rẹ̀. Bàbá tó kọ́ mi ní bridge kì í ṣíwájú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo kọ́kọ́ ta" ló máa ń wí, á sì ti gbé káàdì náà lélẹ̀ kẹ́ ẹ tó tò tiyín tán. Àwọn bàbá báwọ̀nyí kò ka ìwé gírámà kankan, èdè sì mọ́ lẹ́nu wọn. Níbẹ̀ ni mo ti mú "àkọ́ta" dípò "ìṣíwájú", bí àkọ́bí, bí àkọ́so. Àbúrò kan ti dáhùn pé ọjà ni mo ń sọ. Ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí "ta"! Tà lọjà, ta layò, ta ni káàdì. Ẹni tó ń fi oyè yunifásítì bá wa sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ṣi ìyẹn kọ.

Ti "òkú" tí ẹlòmíì fi pe ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ sójú tábìlì, èmi fara mọ́ "àtẹ", mo sì mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ò ní gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó mú òkú wá sídìí káàdì kọ́kọ́ sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń bá a ta.